A Kì Í Ka Ọmọ Fọ́lọ́mọ

A kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ.
Savsan ń kà wọ́n. Iṣẹ́ rẹ̀ ni.
Nínú ìwé ńlá tí tíì ti dà sí létí
pẹ́ńsù ló fi ń kọ orúkọ, torí ọmọ a máa kú,
òbí a máa kó lọ sí Rọ́ṣíà láti wá owó,
orúkọ mìíràn a sì fẹ́ ìparẹ́.
Ọmọ mọ́kànlélógójì ní àfonífojì Bartang.
Ogójì ti gba abẹ́rẹ́ kẹta.

Ọ̀gá rẹ̀ ní Khorog ń yọ̀ lórí fóònù:
"Ogójì nínú mọ́kànlélógójì! O káre,
ibòmíràn ń wá irú ẹ̀, wọn ò rí i."
Savsan ò fèsì. Ìlà kan tó ṣófo ló ń wò,
bí àlàfo eyín lẹ́nu ẹni tó ń rẹ́rìn-ín.
Alinazar, ọmọ oṣù mẹ́sàn-án.
Ó gba tàkọ́kọ́. Ó gba ìkejì.
Nígbà tí ìkẹta fi tó, wọ́n ti da ẹran gòkè.

Ọkọ̀ Odinamad gbé e dé ibi tí ọ̀nà parí sí,
ìyókù di ti ẹsẹ̀.
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ oòrùn nìkan,
ẹ ó rò pé ooru ló ń pa oògùn.
Lókè yìí, òtútù ni.
Bí ìgò náà bá di yìnyín lẹ́ẹ̀kan, ó ti kú;
bó yọ́ padà, tójú rẹ̀ funfun bíi ti àná,
òkú ni, kò lè gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀.
Nítorí náà lóru, nínú ihò àpáta àwọn darandaran,
ó fa àpótí wọ abẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì,
ó dì mọ́ ọn
bí ẹni tó ń bá ìyá ọlọ́mọ gbọ́mọ sùn.

Gulandom, ìyá bàbá ọmọ, gbé tíì oníwàrà oníyọ̀ wá.
"Abẹ́rẹ́ mìíràn? Méjì ò tó?"
Savsan bẹ̀rẹ̀ àlàyé tí wọ́n kọ́ ọ:
àrùn márùn-ún, ìgò kan…
Ìyá àgbà gbọ́wọ́ sókè, ó dá a dúró.
Ó wá ń na ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan,
kì í ṣe orúkọ àrùn ló ń pè.

"Dilovar nìyí. Ọ̀fun rẹ̀ dí, omi ò lè kọjá.
Sabohat. Ó wúkọ́ títí ojú rẹ̀ fi dúdú bí èso mọ́líbẹ́rì.
Èyí ò tíì lórúkọ; ọ̀bẹ tí wọ́n fi gé ìwọ́ rẹ̀ ni,
ọjọ́ keje ló gan.
Mirzo. Orí ń fọ́ ọ, orí ń fọ́ ọ, ọrùn rẹ̀ sì le."
Ó ku àtàǹpàkò.
Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀.
"Èmi nìyí. Dókítà ní ẹ̀dọ̀ mi ló wà."
Ìgbà náà ni Savsan ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i
pé ẹyinjú rẹ̀ ti pọ́n rúsúrúsú.

Ìyá àgbà pa ìka márààrún dé, wọ́n di ẹ̀ṣẹ́.
"Ìgò kan?"
"Ìgò kan."
"Gún un."

Alinazar ké, àwọn ewúrẹ́ dá a lóhùn.
Ó fi eyín méjì tó ní gé Savsan lọ́wọ́ jẹ.
"A ti san án fúnra wa," Savsan wí,
ó ń fọwọ́ náà nu itan ọmọ.

Mọ́kànlélógójì nínú mọ́kànlélógójì.
Ó gbé e sẹ́nu bí ṣúgà bọ̀ nísàlẹ̀,
kò fẹ́ kó tètè yọ́.
Lẹ́bàá afárá, Odinamad jókòó sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì,
ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó sọ nǹkan nù tó tún rí i.
"Ìyàwó mi bí lálẹ́ àná. Obìnrin ni."
Savsan ń wo yìnyín tó ń bọ́ sórí ìwé.
Ó wá pẹ́ńsù.
"Orúkọ rẹ̀ ń kọ́?"
"A ò tíì sọ ọ́."
Ó fa ìlà tuntun sábẹ́ Alinazar, ó fi àyè sílẹ̀.
Méjìlélógójì.
"Oṣù méjì sí i," ó wí. "Má ta ọkọ̀ yìí o."